Ìlà Tí Akínwùmí Ń Fà Síwájú Orúkọ Rẹ̀

Akínwùmí, ọmọ Odò-Ọwà, ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní àgọ́ wọn lẹ́bàá Ìjerò, òun ló dàgbà jù lẹ́yìn ọ̀gá, òun ló sì ń pa ìwé orúkọ mọ́. Ìgbà tí wọ́n wá fi Rodiyat, ọlọ́pàá obìnrin kékeré kan, ránṣẹ́ sí wọn pé kó máa kọ́ wọn ní eré ìdárayá láràárọ̀, kí ẹ̀yìn àti orúnkún má baà máa dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, Akínwùmí rẹ́rìn-ín títí.

"Ọmọ yìí, èmi tí mo ti ń ru àpò kòkó láti kékeré, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá Tóyìn, ti kòkó ti pẹ́ o. Ikùn lẹ̀ ń rù báyìí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín! Ó dun Akínwùmí wọra. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù bá ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń nàró, abẹ́ igi máńgòrò ni tirẹ̀, tòun ti mọ́ínmọ́ín. Kí ọ̀gá tó dé, á ti fa ìlà síwájú orúkọ ara rẹ̀ pé òun ṣe é. Oṣù mẹ́ta gbáko! Àwọn yòókù rí i, wọ́n panu mọ́, àgbà ni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń lé olè ọ̀kadà kan. Akínwùmí ní kóun fo gọ́tà, ẹ̀yìn rẹ̀ ró kẹ́kẹ́, ó nà gbalaja. Rodiyat fo gọ́tà kọjá bí ìgalà, ó mú olè náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ṣí ìwé orúkọ náà.

"Akínwùmí ò pa ọjọ́ kan jẹ, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀. Rodiyat, eré rẹ ò wúlò. Mo ti ń kọ̀wé kí wọ́n mú ọ kúrò níbí."

Rodiyat wolẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín tí ẹlòmíràn ń jẹ nítorí ẹni ńkọ́, kí la ó pè é?

Akínwùmí di tábìlì mú, ó dìde. "Ọ̀gá, irọ́ ni. N ò ṣe é rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi ni mò ń fàlà fún ara mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fa lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ ya. "Jáde fún mi."

Ní ẹnu ọ̀nà, Rodiyat na apá sí Akínwùmí kó lè dì í mú. "Ẹ rọra, bàbá."

Èébú ì bá sàn fún un. Ó dì í lápá mú, ṣùgbọ́n kò lè wojú rẹ̀.