Àfọwọ́bọ́ Kì í Wọ Ìkòkò Ilé Wa

Àfọwọ́bọ́ ni màmá mi ń pe ọmọ ẹran tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí tí ìyá rẹ̀ kọ̀ láti fún lọ́mú, tí a wá ń fi ìgò bíbérọ̀ fún ní wàrà bí ọmọ ènìyàn. Ewúrẹ́ tí a kàn rà lọ́jà kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀, ì báà gbé ọ̀dọ̀ wa di arúgbó. Èyí tó bá sì ti jẹ́ àfọwọ́bọ́ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ilé wa. Òfin màmá mi nìyẹn, ní Attiégou níbí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo bọ́ òbúkọ kékeré kan. Bí Kérésì ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kì í yọjú sí wa tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Avépozo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti kí màmá tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, yóò máa tẹ òbúkọ náà níhà wò.

"Òbúkọ yìí mà ti sanra."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àfọwọ́bọ́ ni o."

Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ìfura loògùn àgbà: mo so òbúkọ mi sí abẹ́ fèrèsé yàrá mi, mo sì ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹní ṣọ́ olè.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a ṣe Kérésì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá òbúkọ pupa kan tí n kò rí rí nídìí okùn òbúkọ mi. Mo dojú ìjà kọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti dé ṣáájú mi. Màmá ló dá mi lóhùn láti ilé ìdáná.

"Fi ẹ̀gbọ́n ẹ sílẹ̀, jàre. Èmi ni mo ní kó máa wò ó, kí ti ilé kejì má baà kéré sí tiwa. Èmi àti ìyá ilé kejì la pààrọ̀. Àfọwọ́bọ́ tiwọn nìyẹn, àwọn náà ò lè jẹ ẹ́. Ṣé òní la ti ń ṣe é ni?"

Gbogbo ẹran Kérésì tí mo ti ń jẹ láti kékeré!

Lọ́jọ́ ọdún, mo pàdé bàbá ilé kejì lẹ́nu ọ̀nà. Ará Atakpamé ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bonne fête, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé òbúkọ tèmi ké nígbà tí ẹ pa á?"

"Ó ké, Bàbá. Tèmi ńkọ́?"

"Kò ké. Ó rò pé oúnjẹ ni mo fẹ́ fún òun."