Fìlà Tí Mo Rà Ṣáájú Igbe Ọmọ

Ara mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Èmi ni kaṣíà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ọmọ tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan n'Íjẹ̀bú-Òde, àbúrò mi obìnrin sì ń rọbí l'Ódògbolú láti ìdájí. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Wọ́n sì ti gba fóònù àwa òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀.

Màámi ti kìlọ̀ fún gbogbo wa: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra nǹkan kan sílẹ̀ fún ọmọ tí a ò tíì gbọ́ igbe rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìyá ìjọ pọ́ńbélé, wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ sétí. Àmọ́ lórí eléyìí, wọn ò gba gbẹ̀rẹ́. Èmi aláìgbọràn, mo ti ra fìlà yẹ́lò kékeré kan lóṣù tó kọjá. Ẹni tó jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé òkúta ni? Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà.

Mo mú un jáde kí n lè dá a padà sórí pẹpẹ, mo tún tì í bọ dúrọ́ọ̀. Bí mo bá dá a padà ńkọ́, ṣé kò ní dà bíi pé mo ti gbà pé ọmọ ò ní wá? Mo dìde, mo jókòó. Mo fi ẹ̀rọ ka páálí aṣọ ìtẹ́dìí kan ṣoṣo tí oníbàárà kan gbé wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Àǹtí," oníbàárà náà ní, "ọmọ mélòó lẹ rò pé mo bí?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, èmi ni mo fà á. Ohun tí mò ń rò nìyẹn, ẹni tó bá wù kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ jẹun, mo sáré lọ gba fóònù mi. Màámi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo pè wọ́n padà.

"Ó ti bí o! Obìnrin! Tìyá-tọmọ, àlàáfíà ni!"

Ẹkún ni mo bú sí. "Màámi, ẹ foríjì mí. Mo ti ra fìlà fún un látoṣù tó kọjá."

Mo ń retí èébú. Mo gbọ́ tí wọ́n rìn kúrò láàárín èrò, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má sọ fún àbúrò ẹ o. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo rà fún ọmọ náà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi látìgbà tí oyún yẹn ti wà lóṣù mẹ́ta."