Ìlà Tí Téèpù Kò Lè Wọ̀n

Onítéèpù ni wọ́n ń pè é; aṣọ ló ń rán. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ gbà á kó máa kọ́ àwọn ọmọge níṣẹ́ ìránṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìṣirò. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹ̀kẹta yìí ni ìkẹyìn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e ṣubú. Wọ́n á fa ìlà sórí bébà alápòótí, wọ́n á ní kó kọ ìdọ́gba rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń gòkè sí. Onítéèpù á fa téèpù yọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, ló ká a mọ́ ibi tó ti ń fi téèpù wọn ìlà inú ìdánwò àtijọ́ kan.

"Kí lo rí?"

"Òòró ínṣì kan, ìbú ínṣì kan. Ọ̀kan-ọ̀kan ló ń gòkè."

"Irọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, téèpù kì í parọ́."

"Ṣé o fẹ́ rán ṣòkòtò fún un ni? Ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i!"

Ó kà á. Níbùú, àpótí kan jẹ́ ọ̀kan. Lóòró, àpótí kan jẹ́ méjì. Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Bí àwòrán aṣọ inú ìwé ni. Ta ní í wọn àwòrán kó tó gé aṣọ? Nọ́ńbà ara rẹ̀ là ń tẹ̀ lé."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀! Látèṣí lo ti ń gé e kù."

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kan ìlà, ọwọ́ rẹ̀ lọ sọ́rùn, kò bá nǹkan kan. Ó yáa ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i. Ìlà náà gé òòró níbi tí wọ́n kọ mẹ́rin sí. Nígbà tí ìbú pé mẹ́ta, òòró ti di mẹ́wàá. Mẹ́rin sí mẹ́wàá, mẹ́fà. Mẹ́fà láàárín ìrìn mẹ́ta: méjì-méjì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: y = 2x + 4. Ó fi márùn-ún dán an wò, ó fún un ní mẹ́rìnlá. Ó fi ìka tọ ìlà lọ. Mẹ́rìnlá ló bá níbẹ̀, kò yẹ̀.

Èsì jáde. Onítéèpù yege.

Ọ̀gá ilé ìwé ka èsì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú oríire, mà. Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Àwọn ọmọ náà dà?"

"Wọ́n wà lókè. Ẹ jókòó ná, ẹ sinmi díẹ̀."

"Mo ti jókòó tó, sà."

Ó dìde, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ.