Àna mi gbé ìdajì orin mi lọ

Ẹ gbà mí o, bàbá ìyàwó mi ti gbé ìdajì orin mi kúrò ní Banjul lọ sí Serrekunda!

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi okùn wọn ibi tí màá gbé sípíkà sitẹ́rió mi méjèèjì sí ní pálọ̀.
Mo kàn lọ kírun Jímọ̀ ni. Mo dé, ọ̀kan ti lọ.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá ní ọ̀kan ti tó wa. Wọ́n fẹ́ so èkejì mọ́ rédíò ṣọ́ọ̀bù wọn."

Mo fi àwo orin sí i. Gìtá nìkan ló ń dún, ohùn olórin ti bá èkejì lọ.

Mo sáré tọ bàbá lọ. Kí n tó lanu, wọ́n ti ń ṣàdúrà: "Ọlọ́run á fi méjì míì rọ́pò ẹ̀ fún ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láàna, ṣé ẹ̀yin ò ní ṣàmín?