Ọkọ́ tí Bàbá gbé lé olóṣèlú lọ́wọ́

Olóṣèlú kan wá tọrọ ìbò nílé wa ní Ìlọrà lónìí, bàbá mi àgbà bá gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tíṣà kan wá láti Fìdítì, ó ń bá wa kọ ebè bó ṣe ń tọrọ ìbò. A ò dìbò fún un, ó fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ kejì ìbò náà, ó tún gun kẹ̀kẹ́ dé, ó ní òun wá parí ebè tó kù.

Nígbà ìbò kejì, kó tó lanu, a ti dìbò fún un. Ó di aṣòfin tán, ó ṣì ń wá kọ ebè."

Olóṣèlú náà gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ́ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ta lẹ lè gbé e fún ládùúgbò yín?