Àwọ̀ Àlùkò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́

Nígbà tí àwọn dókítà ní Turin, nílẹ̀ Ítálì, sọ pé kò sí ìtọ́jú mìíràn mọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí fún.

"Bá mi kun yàrá mi. Àwọ̀ àlùkò ni mo fẹ́."

Ìtọ́jú arúgbó ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ilé onílé ni wọ́n ń tún ṣe kiri, inú ilé onílé ni wọ́n sì ń sùn ní àdúgbò San Salvario. Kò sí ògiri kankan tí wọ́n yan àwọ̀ rẹ̀ rí.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ka ìwé ní yunifásítì ní Padua, wá ràn mí lọ́wọ́. Bó ṣe rí ọ̀dà náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Zia, il viola no. Porta male."

Ó ní kí àǹtí òun má lo àlùkò. Ohun tí àwọn ará ibí máa ń sọ nìyẹn, pé àwọ̀ náà ń fa orí burúkú.

Mo ní, "Ìyá rẹ ló fẹ́ ẹ. Kí ló tún kù tó lè burú ju èyí lọ?"

Ó bú sẹ́kún. Mo gbá a mọ́ra, èmi náà sì sunkún.

A kun ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Kíá ni yàrá ṣú. Mo fi ọ̀dà wúrà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dà bíi pẹpẹ ìjọ wa. Àwọ̀ eérú rán wa létí ọsibítù. Àwọ̀ ìyeyè ń bá àlùkò jà. Níkẹyìn, ọmọ náà na aṣọ kan sí i, aṣọ tó ní àwọ̀ ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ojú wa balẹ̀. A fi aṣọ náà ṣe kọ́tìnì, a sì fi ọ̀dà funfun bí ògì kun àwọn ògiri yòókù kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n wò ó títí.

"Ta ló yan àwọ̀ ewé yìí?"

"Ọmọ yín ni."

"Ó mọ̀ ọ́n yàn. Èmi ì bá fi wúrà sí i ni."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọn ò pẹ́ nínú yàrá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì wọlé, mo kí wọn, wọn ò dáhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, onílé ní ká sọ ògiri di funfun ká tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. A kùn ún, àlùkò ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀. A tún kùn ún. Nígbà tó bò tán, ọmọ náà ká kọ́tìnì sínú àpò rẹ̀, mo sì sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.