Ọrun Wíwọ́ tí Bàbá Gúnrégé Ṣe

Gúnrégé ni àwọn oníbàárà ń pe bàbá mi. Káfíńtà ni, kò sì sí ohun tó kórìíra láyé tó ohun tó bá wọ́. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀, iná ló ń jù ú sí, oníbàárà ìbáà máa bẹ̀ ẹ́. "Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú," ni yóò wí. Èmi á dáhùn nínú ara mi pé, ṣebí inú iná náà lẹ tún ń jù ú sí. N kò jẹ́ sọ ọ́ síta. Mo fẹ́ràn etí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí olùkọ́ eré ìdárayá ní ká wá máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà. Ọrun méjì péré ni ilé ìwé ní, àwa mọ́kànlá. Ó ní ìdíje ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kópa kó wá ọrun tirẹ̀. Mo délé, mo ní kí bàbá mi ra ọ̀kan fún mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

"Èmi, káfíńtà, kí n fi owó ra igi?"

Bó ṣe gba iṣẹ́ tí kò ṣe rí láyé rẹ̀ nìyẹn.

Àwa méjèèjì lọ sí ẹ̀bá odò. Ó ń yí àwọn igi kéékèèké po, ó ń di ojú kan wò wọ́n, ọ̀sán pọ́n kó tó rí méjì tó gún tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọn kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Ó fi gúlúù kun orí àti ìdí wọn kí wọ́n má baà sán, ó sì gbé wọn sókè àjà ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bi í léèrè, oṣù mẹ́rin náà ló fi ń dá mi lóhùn pé, "Wọ́n ń gbẹ."

Àkókò yẹn dùn, kí n má purọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, n óò jókòó sórí àpótí ìṣó, òórùn gúlúù àti ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á gba imú mi. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi á máa ké. Ògiri kan ló wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jiyàn gba ara ògiri náà láì dìde. Bí mo bá gbóòórùn gúlúù lónìí, inú mi á dùn, á sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó gbé àwọn igi wálẹ̀. Ìkejì ti wọ́ níbi tó ti ń gbẹ, nítorí náà ó mú ìkíní. Ó bó o, ó gbé ìfági sí i níwájú àti lẹ́yìn, gbogbo kókó rẹ̀ ló fá dànù, ó gún, ó dán. Ó so ọsán mọ́ ọn. Mo fà á. Ó dún páú! Ó dá sí méjì, ègé kan sì gbé fìlà bàbá mi lọ.

Wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Tiwa ò tilẹ̀ di ọ̀pá, igi ìdáná ló dà. Mo sunkún. Igi kan ṣoṣo ló kù wá kù, bàbá mi sì tún ti ń nawọ́ sí ìfági.

"Ẹ dúró ná, bàbá ọmọ mi." Màmá mi ti dé ẹnu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn. Ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn ègé náà níbi tó ti ya. "Ẹ ti gé etí aṣọ dànù."

"Etí aṣọ wo? Igi lèyí!"

"Bí mo bá gé etí aṣọ, yóò máa tú. Ẹ wo iṣan igi yìí, ìfági yín ti gé wọn. Inú nìkan ni kẹ́ ẹ fá. Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe hù."

"Tó bá wọ́ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kó wọ́."

Bàbá mi mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn igi tó kù náà gàdàgbà: MÁ FÁ. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mo kọ ọ́ fún. Ọwọ́ mi ni."

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi àfọ́kù ìgò họ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ́, kókó sì yọ gọngọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọrun ọmọ olówó ló kún pápá, wọ́n ń dán. Ọkùnrin tó ń yẹ̀ wọ́n wò gbé tèmi sókè. "Ta ló gbẹ́ igi wọ́rọ́kọ́ yìí?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wo bàbá mi. Mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló dúró tì í. Ẹ̀rù bà mí pé yóò wo ilẹ̀.

Ó nawọ́ sókè. "Èmi ni. Bó ṣe yẹ kó wọ́ nìyẹn."

Ipò kẹrin ni mo ṣe. Ọrun náà ò dá.

Ó ti di ọdún méje tí bàbá mi ti papò dà. Ara ògiri yàrá mi ni ọrun náà wà, ó ti gbẹ kọjá ohun tí èèyàn lè fà. Ojú màmá mi ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bó bá wá kí mi, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń nawọ́ sí.

"Ṣé ó ṣì wọ́?"

"Ó ṣì wọ́, mà."

"Kó wọ́," ni yóò wí, yóò sì jókòó.